Ojú Màmá Lọ́wọ́ Ìrọ̀lẹ́

Ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn máṣíìnì
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Àǹtí mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù ibẹ̀ yẹn. Mo kọ́kọ́ kí yín dáadáa báyìí kí ẹ má bàa sọ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ò lẹ́kọ̀ọ́, torí ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ ò dáa létí. Màmá ò mọ̀ pé mò ń kọ̀wé sí yín. Ó ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó ìdààmú bá àbúrò òun níbi iṣẹ́.

Àǹtí, Màmá ń bí mi nínú.

Ẹ má tíì ya lẹ́tà yìí. Ẹ gbọ́ ọ ná. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, tí mo wá ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, àwa méjèèjì la jọ ń wà ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dalẹ́, torí Bàbá mi kì í sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀. Láàárọ̀, Màmá á fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á máa kọrin, á máa bá oníbàárà ṣàwàdà. Tó bá ti di ọ̀sán, ó parí. Ìpéǹpéjú rẹ̀ á wá sílẹ̀ bíi ti ẹni tí oorun ń kùn, pàápàá ti òsì. Ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba imú jáde. Á gbé aṣọ tó ń rán lé mi lẹ́sẹ̀, á ní, "Gbà, parí ẹ̀." Tí a bá ń jẹun, á fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n ara rẹ̀ kó tó lè jẹ ẹ́. Tíì á tutù, búrẹ́dì kan náà á ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo rò? Mo rò pé ó ń ṣọ̀lẹ ni. Mo rò pé torí pé èmi ti wà níbẹ̀ ló ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo máa ń pòṣé. Mo máa ń rọra pòṣé, àmọ́ kó lè gbọ́ ọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyàwó Tíṣà wá gba búláòsì rẹ̀. Ó ń ṣàlàyé bí apá rẹ̀ ṣe fún jù, Màmá sì ń wò ó pẹ̀lú ojú tó dé dé ìlàjì. Ni obìnrin náà bá fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ṣé èmi lẹ ń wò bí ẹni ń wo ìgbẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn?" Màmá fẹ́ dáhùn, ọ̀rọ̀ ò já gaara. Obìnrin náà ní, "Ẹ ẹ̀ rí i, ó ti mu nǹkan!" Ó gba búláòsì rẹ̀, ó lọ. Màmá kàn fi ìka gbé ìpéǹpéjú òsì sókè, ó sì ń fi ọwọ́ kejì bá iṣẹ́ lọ. Àǹtí, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Èèyàn tó ń ṣọ̀lẹ ò ní fọwọ́ gbé ojú ara rẹ̀ nítorí kó lè ṣiṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ rí dókítà. Dókítà Onígíláàsì ní òun ò rí nǹkan tó ṣe é, pé kó máa sinmi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìwádìí àìsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oògùn ránṣẹ́. Mi ò bèèrè ju ìyẹn lọ.

Èmi ni, ẹni tí ẹ ń pè ní Afajúro. Ojú náà ṣì fà ro.


Ní yàrá àyẹ̀wò
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Afajúro mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ilé tòrò? Bàbá rẹ ńkọ́, ṣé ọkọ̀ ò yọ ọ́ lẹ́nu? Mo gba lẹ́tà rẹ, mo kà á lórí ìdúró, mo tún jókòó kà á. O ṣeun. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ẹjọ́ lo rò. Ohun tí o rí lo sọ, bí o sì ṣe rí i gan-an lo sọ ọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ ẹ: mi ò lè fi oògùn ránṣẹ́. Èmi kì í ṣe dókítà tó ń rí aláìsàn. Inú yàrá kan ni mo máa ń wà, mo wọ súwẹ́tà sábẹ́ kóòtù funfun torí àwọn fíríìjì ńlá tó yí mi ká. Ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí mi ò mọ ojú wọn ló wà nínú ìgò kéékèèké níwájú mi. Ohun tí mò ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni àwọn sójà tó ṣìnà.

Gbogbo ara ló ní sójà tirẹ̀. Tí kòkòrò àìsàn bá wọlé, àwọn ló ń lé e jáde. Ṣùgbọ́n lára àwọn ẹlòmíì, sójà á ṣi ilé mọ̀, á dojú ìjà kọ ara tó yẹ kó máa ṣọ́. Nínú irú àìsàn tí èmi ń wádìí, ọpọlọ àti iṣan ni wọ́n ń bá jà. Irú kan wà tó jẹ́ pé ibi tí okùn tó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀ láti ọpọlọ ti pàdé ẹran ara ni wọ́n lọ ń dí. Ọpọlọ á ní, "Ojú, là!" Ọ̀rọ̀ náà á dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ò pọ̀ mọ́. Láàárọ̀ tí ara ti sinmi, díẹ̀ ṣì ń ráyè wọlé. Bí ẹran ara bá ṣe ń ṣiṣẹ́ sí i ni ọ̀rọ̀ tó ń wọlé á máa dín kù, títí ojú á fi dé, tí ẹnu á fi kọ̀ láti jẹun. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í ṣe ọtí. Kì í sì í ṣe ọ̀tá kan ló fi ṣe é.

Mi ò sọ pé òun ló ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi o. Láti ọ̀nà jíjìn báyìí, ẹni tó bá dájú bẹ́ẹ̀ ń purọ́ ni. Ìdí tí mo ṣe ń bi ẹ́ nìyẹn. Ṣé ó máa ń sàn tó bá sinmi? Ní kó wo òkè àjà láìmú ojú kúrò: ṣé ìpéǹpéjú á máa wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀? Tó bá ń sọ̀rọ̀ pẹ́, ṣé ohùn rẹ̀ á máa yí padà? Báwo ló ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ lọ rí dókítà? Sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, títí kan èyí tí o rò pé kò já mọ́ nǹkan.

Àǹtí rẹ tó ń gbọ̀n nínú súwẹ́tà.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta

Àǹtí,

Ẹ káàsán. Mo kí yín ní kúkúrú torí inú ń bí mi.

Mo dúró de lẹ́tà yín títí. Nígbà tí akólẹ́tà dé, mo sáré débi pé mo tẹ Ìyá Oníyìnyín lẹ́sẹ̀, ìyẹn obìnrin tó ń ta yìnyín nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tiwa. Mo ya lẹ́tà náà, mo gbọ̀n ọ́n wò bóyá oògùn á jábọ́. Ìbéèrè ló jábọ́. Àǹtí, ṣé eku láàbù la jẹ́ ni? Ẹ ń wá sójà nínú ẹ̀jẹ̀ àjèjì, ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n yín dàgbà wá ń fọwọ́ gbé ojú. (Ẹ má bínú. Mo fẹ́ pa ibẹ̀ yẹn rẹ́, àmọ́ bébà á dọ̀tí.)

Mo ti ní kó wo òkè àjà. Mo purọ́ fún un pé aláǹtakùn wà níbẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó, ojú òsì wá sílẹ̀, tọ̀tún tẹ̀ lé e. Ó ní, "Aláǹtakùn wo?" Ní ti ohùn, tó bá ń ka ìwọ̀n aṣọ fún mi kí n kọ ọ́ sílẹ̀, èjìká àti àyà á dún ketekete. Nígbà tó bá fi máa dé gígùn apá, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú garawa ni. Tó bá sì sùn díẹ̀, ó tún padà.

Ẹ tún fẹ́ mọ bó ṣe máa ń lọ rí dókítà. Tó bá ti ku ọjọ́ díẹ̀, kì í fọwọ́ kan máṣíìnì mọ́. Ó ní òun ò lè gbé ara jákujàku lọ síwájú èèyàn pàtàkì, pé ìwọ̀sí ni fún dókítà náà. Á sùn, á sùn, á fi omi gbígbóná wẹ̀, á tọ́jú irun, èmi ni màá lọ aṣọ rẹ̀. A ó kúrò nílé ní ìdájí kó lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa wọlé. Nígbà tó bá wọlé, ẹ máa rò pé olorì kan ló wá kí i. Dókítà á ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Arẹwà. Ṣé ara le?" Màmá á kúnlẹ̀ díẹ̀, á ní, "A dúpẹ́, Dókítà. Ara le. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Dókítà á rẹ́rìn-ín, á ní kó la ojú, ojú á là rekete. Ó máa ń yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ìgbà tí a bá fẹ́ jáde ni Màmá á wá sọ pé, "Ó kàn máa ń rẹ̀ mí díẹ̀ ni," bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

Ó tán. Ṣé ó ti tẹ́ yín lọ́rùn? Tí kò bá ní sí oògùn nínú èyí tí ẹ máa kọ, ẹ má wulẹ̀ kọ ọ́.

Èmi ni.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Afajúro mi,

Bínú sí mi bó o ṣe fẹ́, àmọ́ ka èyí dópin.

Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń sùn, tó tún ń sùn kó tó lọ, mo ké nínú láàbù. Ọ̀gá mi rò pé mo ti fọ́ ìgò. Ó ní, "Ìgò wo ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni, Sà!"

Ọmọ mi, ara tó ti sinmi ló ń gbé lọ fún dókítà. Ọ̀wọ̀ tó ń bù fún ọkùnrin náà ló ń gbé àìsàn pamọ́ fún un. Tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìdájí lẹ́yìn oorun bẹ́ẹ̀, tó tún fi "a dúpẹ́" lé e, ta ló fẹ́ mọ̀? Ká ní èmi ni mo jókòó sórí àga yẹn, èmi náà á ní kó máa lọ sílé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Kó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́. Tó bá di ọ̀sán, bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni kí ẹ lọ. Gba yìnyín díẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Oníyìnyín sínú ọ̀rá. Tí dókítà bá gbé e lé ìpéǹpéjú tó dé fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, tí ojú náà sì là, ó máa mọ ibi tó kàn. Òtútù máa ń tu ojú irú aláìsàn yìí lára fúngbà díẹ̀. Kì í ṣe ìwòsàn o, àmì ni. Lẹ́tà kan wà nínú èyí fún dókítà, mo kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Oògùn kan wà tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọpọlọ pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Òmíì wà tó ń pẹ̀tù sí àwọn sójà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn kan wà tí wọ́n ń fúnni fún nǹkan mìíràn tó lè mú èyí burú sí i. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: tí omi bá ń gba imú rẹ̀ padà, tàbí tí èémí rẹ̀ bá ń kúrú, ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kó wà ní ìjókòó. Àìsàn yìí lè dé ibi èémí. Mi ò fẹ́ kí àyà rẹ já, àmọ́ ìwọ lo wà nítòsí rẹ̀.

O sọ pé ó pọ̀n mí dàgbà. Òótọ́ ni, mo ṣì mọ òórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àjèjì kan ló fún wa ní ẹ̀jẹ̀ wọn tí a fi mọ ìwọ̀nba tí a mọ̀. Ká ní wọ́n kọ̀ ni, ǹ bá máa wo lẹ́tà rẹ bí ẹni ń wo ògiri. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́, mi ò sì mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn.

Kọ̀wé sí mi kíá. Bí o ò bá ní kí mi, má kí mi.

Àǹtí rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù karùn-ún

Afajúro,

Mo ti ń wo àpótí lẹ́tà mi títí akólẹ́tà fi ń yẹra fún mi. Lánàá ó ní, "Màdáámù, ẹ máa lọ síbi iṣẹ́. Tó bá dé, èmi fúnra mi á kan ilẹ̀kùn."

Ṣé lẹ́tà mi dé? Ṣé inú ṣì ń bí ẹ? Àbí ẹ̀gbọ́n mi ló kọ̀? Bó o bá fẹ́ bú mi, bú mi sórí bébà kó o fi ránṣẹ́. Ṣáà sọ pé ó ń mí.

Àǹtí rẹ.


Ọsibítù, lórí bẹ́ǹṣì ìta wọ́ọ̀dù
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù karùn-ún

Àǹtí mi,

Ó ń mí. Mo fi ìyẹn ṣáájú kíkí kí ẹ má bàa máa wá a nísàlẹ̀. Ẹ kú ìrònú wa.

Lẹ́tà yín ti oṣù tó kọjá dé tipẹ́. Mo jẹ́wọ́ fún Màmá pé mo ti ń kọ̀wé sí yín, mo sì kà á fún un. Ó ní, "Kí n gbé ojú dídé àti aṣọ iṣẹ́ lọ bá dókítà lọ́sàn-án gangan? Èmi? Ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàbù?" Mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo tún fajú ro títí. Ó ní ká kọ́kọ́ parí aṣọ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá àgbà kan kó fún wa. Mi ò kọ̀wé sí yín torí ẹ rán mi níṣẹ́, mi ò rí i jẹ́, ojú sì ń tì mí.

Ihò bọ́tìnì ìkẹyìn la ń ṣe lọ́sàn-án àná. Màmá mu omi, omi gba imú rẹ̀ jáde. Ó wúkọ́, ìwúkọ́ náà ò lágbára, bíi ti ọmọ ìkókó. Orí rẹ̀ ò dúró lórí ọrùn mọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó wá ń wò mí. Mo pariwo. Ìyá Oníyìnyín sá wọlé, ó ní, "Kí lo fi ṣe ìyá ẹ?" Mo ní, "Ẹ gbé ọmọláńkẹ́ yín wá!" Àǹtí, obìnrin yẹn da gbogbo yìnyín rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn, kò bèèrè ọ̀rọ̀ kejì. A gbé Màmá jókòó sínú ọmọláńkẹ́ tó ṣì tutù rinrin, mo gùn ún lẹ́yìn rẹ̀, mo ń dì í mú kó má bàa sùn sílẹ̀, Ìyá Oníyìnyín ń tì wá, ó ń ké sí àwọn èèyàn títì pé, "Ẹ yà fún wa o! Ẹ yà fún wa!" Yìnyín tí mo rí bù sínú ọ̀rá, mo gbá a mọ́ àyà. Tépù ṣì wà lọ́rùn Màmá. Òwú búlúù lẹ̀ mọ́ ọn lára káàkiri, ó sì ń gbìyànjú láti ṣa á kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú irú ipò yẹn!

Nígbà tí a dé ọsibítù, Dókítà Onígíláàsì ló wà níbẹ̀. Ó sáré bọ̀, ó ní, "Ìyá Arẹwà! Kí ló dé? Ṣé kò sí o?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Màmá gbé ọwọ́ sí àgbọ̀n, ó kó gbogbo èémí tó kù fún un jọ, ó ní, "A... dú..."

Mo ké tòò: "Irọ́ ni! A ò dúpẹ́! Dókítà, a ò tíì dúpẹ́ rárá!"

Nọ́ọ̀sì kan ní, "Háà, ọmọ yìí!" Bàbá arúgbó kan lórí bẹ́ẹ̀dì ní, "Olúwa, ṣàánú." Èmi ń pariwo lọ. Mo ní àárọ̀ lẹ máa ń rí i, ó máa ń sùn kó tó wá, tìtorí yín ló ṣe ń sùn, ẹ wò ó wàyí, bó ṣe máa ń rí nìyí. Mo kì lẹ́tà yín bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó kà á lórí ìdúró, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí Màmá wo òkè, kò lè wò ó. Ó gba ọ̀rá yìnyín lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé ojú òsì. A dúró. Nígbà tó gbé e kúrò, Àǹtí, ojú náà là. Ó là bí ìgbà tí wọ́n ká kọ́tìnì sókè. Màmá fi ojú kan ṣoṣo yẹn wò mí, omi sì ń dà nínú rẹ̀.

Àfi ìgbà tí dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ, ẹ gbé ẹ̀rọ èémí wá, ẹ pe ẹni báyìí wá, ẹ má fún un ní oògùn tọ̀hún. Wọ́n tì wá síta. Nígbà tó ṣe, ó jáde wá, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì yìí, èmi tí mo pariwo mọ́ ọn. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó ní, "O ṣeun. Mi ò bèèrè bó ṣe máa ń rí lọ́sàn-án. Ó yẹ kí n bèèrè." Ó ní ẹ̀rọ ló ń bá Màmá mí báyìí kí ara rẹ̀ lè sinmi. Ó ní wọn ó máa fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ mìíràn, wọn ó yọ omi tó gbé àwọn sójà náà kúrò, wọn ó dá ìyókù padà sí i lára. Mo ní, "Ṣé ó máa yè?" Ó ní òun ń retí bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ò lè ṣèlérí.

Bàbá mi ń bọ̀ lójú ọ̀nà. Ìyá Oníyìnyín ò tíì lọ sílé, ó ń sùn lé mi léjìká, ó wúwo. Ẹ̀rù ń bà mí, Àǹtí. Ẹ má bínú nítorí ọ̀rọ̀ eku yẹn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Lónìí mi ò ní fi ìnagijẹ pè ẹ́.

Dókítà yín fi tẹlifóònù pè mí kí lẹ́tà rẹ tó dé. Kó tó kí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ti ń dá mí." Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn fíríìjì. Lẹ́yìn náà la sọ̀rọ̀ pẹ́, òun ń bèèrè, èmi náà ń bèèrè. Ó ní, "Ọmọ yín lóhùn o." Mo ní, "Ilé wa ni wọ́n ti ń lóhùn, Dókítà. Ẹ ò tíì gbọ́ ti ìyá rẹ̀ ni."

O ṣeun. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tó ju ìyẹn lọ, bó ti wù kí n kàwé tó. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Oníyìnyín. Kúnlẹ̀ dúpẹ́, má wulẹ̀ dúró bí igi. Dókítà náà ńkọ́? Ọmọdé pariwo mọ́ ọn níwájú àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Èèyàn bẹ́ẹ̀ ò pọ̀.

Mi ò ní tàn ẹ́. Àìsàn yìí ò ní palẹ̀ ẹrù mọ́ kó lọ. Oògùn ni yóò máa lò, yóò máa sinmi láàárín iṣẹ́, ọjọ́ kan á dáa, ọjọ́ kan á le. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń bá a gbé, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ó ku ìbéèrè kan, má gbọn lẹ́tà yìí wò. Àyẹ̀wò tí gbogbo ayé ń lò ò rí sójà kankan nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀. Irú àwọn tó fara pamọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ mi. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá gbà, dókítà á fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ síbí. Kò ní sí orúkọ lára ìgò náà. Èmi alára ò ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Tó bá ní rárá, rárá náà ni, má sì fajú ro mọ́ ọn.

Àǹtí rẹ, tí orí rẹ̀ wú nítorí rẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹjọ

Àǹtí mi àtàtà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àdúrótì, ẹ kú gbogbo rẹ̀. Ilé la wà. Màmá ti padà sídìí máṣíìnì. Ó ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, á lo oògùn, á sùn lẹ́yìn aṣọ ìkélé tí a so kọ́ sí kọ̀rọ̀, á tún dìde. Bàbá mi ti gba iṣẹ́ tí kò ní mú un jìnnà mọ́, ó sì ti ń sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá lórí wa nínú ilé. Ìpéǹpéjú òsì ṣì ń wá sílẹ̀ díẹ̀ nígbà mìíràn. Dókítà ní ká má kánjú.

Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Oníyìnyín. Ó ní, "Dìde, o ń dí mi lọ́nà." Màmá rán kaba kan fún un. Ó ní ó fún òun nídìí, kò sì bọ́ ọ láti ọjọ́ yẹn.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, Màmá ní kí n kọ ohun tó sọ bó ṣe sọ ọ́: "Sọ fún àbúrò mi pé kí wọ́n gbà á. Àmọ́ kí wọ́n ṣáà kọ 'aránṣọ' sára ìgò náà, kó má dà bíi pé mi ò níṣẹ́." Dókítà ní kò ṣeé ṣe, pé òfin ni. Màmá rò ó títí, ó ní, "Ó dáa. Kí wọ́n má kọ nǹkan kan. Ẹni tó fún wọn ṣáájú tèmi ò kọ tirẹ̀." Wọ́n gbà á lọ́jọ́ Ajé. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí nọ́ọ̀sì náà, wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Lánàá, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Ihò ńlá! Màmá rí i. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí! Ṣé ojú lo fi ń wò ni àbí ìgúnpá? Ṣẹ́ẹ̀tì ẹni ẹlẹ́ni!" Ó mú un láti orí áyọ́ọ̀nù dé orí bí mo ṣe ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ rìn, ó mú un dé orí bí mo ṣe dójú ti òun níwájú dókítà, ó tún mú un lọ sí kékeré mi tí mo da iyọ̀ sínú tíì àlejò. Mo dúró. Mò ń dúró de ibi tí ohùn náà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba imú. Kò gba imú. Mò ń wo ojú rẹ̀, méjèèjì là kedere, méjèèjì ń bínú sí mi. Ó ń lọ, ó ń lọ, ó ń dún dé òdìkejì títì.

Ìyá Oníyìnyín gbọ́ ọ, ó sáré wọlé wá bá mi bẹ̀bẹ̀, ó ti ń tẹ orúnkún, ó ní, "Ìyá Aránṣọ, ó tó, ẹ foríjì í, ọmọdé ni."

Mo di apá rẹ̀ mú. Mo ní, "Ẹ má bẹ̀ ẹ́, Mà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Àwa méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a gbọ́ ọ títí dé òpin.

Ọmọ yín, tí wọ́n bú dáadáa.